Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́ bowling nílé n'Íjẹ̀bú-Òde kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lọ sÉkòó

Bowling leré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù tó wúwo lórí ilẹ̀ kó lè lọ bi àwọn igi tí wọ́n tò, tí wọ́n ń pè ní pin, ṣubú. Ẹni tẹ́ ẹ máa wò ni Earl Anthony, ará Tacoma l'Ámẹ́ríkà, ọlọ́wọ́ òsì. Baseball ló kọ́kọ́ fẹ́ fi jẹun, ó ti lé lógún ọdún kó tó gbájú mọ́ bowling, torí náà ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti dàgbà jù. Ní 1975 òun lẹni àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yẹn tó pa $100,000 lọ́dún kan, àìsàn ọkàn dá a dúbúlẹ̀ ní 1978, ó dìde, nígbà tó máa fi di 1982 gbogbo owó tó ti pa ti wọ mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ wo fídíò ẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń rìn, bó ṣe ju ti àkọ́kọ́ náà ló ń ju ti ìkẹyìn, kò sí pé ó ń fi agbára fọ́ nǹkan.

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, ẹ rọ omi kún un, ẹ dé e pa, òun lẹ máa fi ṣe bọ́ọ̀lù nílé. Kílò márùn-ún nìyẹn, ó ti tó! Bọ́ọ̀lù tó wúwo jù gan-an ò ju kílò méje àti díẹ̀ lọ, ẹni tó bá lọ gbé lítà mẹ́wàá, èjìká ẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni, tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ ń lò, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kẹ́ ẹ sì ti kẹ́ẹ̀gì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìkejì ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ fúnra ẹ̀, ní ìkẹta ó ti wà lẹ́yìn, ní ìkẹrin ẹsẹ̀ òsì á yọ́ síwájú bí ọwọ́ ṣe ń bọ̀, ẹ dúró gbọin. Ẹ má jù ú sílẹ̀ o, táìsì onílé ni. Ọlọ́wọ́ òsì á yí i padà.

Tọ́wọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ wọkọ̀ ní Mọbalúfọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe bowling l'Ékòó, ẹ fi Sátidé sílẹ̀ fáwọn olóde, ọjọ́ Ojúde Ọba ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Ẹ háyà bàtà wọn, ẹ yan bọ́ọ̀lù tí àtàǹpàkò ń wọ̀ tó sì ń jáde láìhá, torí àtàǹpàkò ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ẹ má wo pin, ó jìnnà, ẹsẹ̀ bàtà 60 ni, àwọn ọfà tó wà nílẹ̀ níwájú yín ni kẹ́ ẹ wò, ìkejì láti ọ̀tún. Tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ sósì jù, ibi tẹ́ ẹ ń dúró sí lẹ máa sún sósì díẹ̀, ọfà yẹn náà lẹ ṣì máa wò, ọ̀pọ̀ máa ń ṣe òdì kejì ẹ̀ tí wọ́n á wá máa bínú sí bọ́ọ̀lù. Gémù méjì tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tó bá lé, ọwọ́ á ti rẹ̀, owó lẹ kàn ń ná.