Bí A Ṣe Ń Wá Ìtàn Àwọn Obìnrin Nínú Ilé-Ìkàwé Yunifásítì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí nípa àwọn obìnrin sábà máa ń gba orí pẹpẹ tí wọ́n kó ìwé nípa obìnrin sí lọ tààrà, bí ó bá sì ti yẹ ìwọ̀nba ìwé tí ó bá níbẹ̀ wò tán, á ní ilé-ìkàwé kò ní ohun tí òun ń wá. Àwọn obìnrin pọ̀ nínú ilé-ìkàwé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n fi wọ́n sí: abẹ́ owó-orí, abẹ́ ọjà, abẹ́ ẹjọ́, abẹ́ orúkọ ọkọ wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n bá ìjọba fà á lórí owó-orí, àti ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni n ó fi ṣàlàyé.

Kí o tó wọ ilé-ìkàwé, rí i dájú pé àkòrí rẹ kò fẹ̀ jù. “Obìnrin àti ìṣèlú” kò ṣeé wá. Ṣùgbọ́n “bí àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ṣe tako owó-orí láti 1946 títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949” ṣeé wá, nítorí pé ìlú, ẹgbẹ́, ọ̀ràn àti àkókò ti wà nínú rẹ̀. Kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀, kí o sì máa wá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn ìwé tí ilé-ìkàwé ní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kátálọ́ọ̀gì ń sọ, nítorí náà tẹ women, market women, taxation, Abeokuta àti Egba, kí o sì so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì.

Nínú ètò Library of Congress, tí àwọn ilé-ìkàwé fi ń to ìwé pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà, HQ ni àmì ìwé nípa ìgbéyàwó, ẹbí àti obìnrin, láti HQ1101 sì ni ti obìnrin gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo Dewey, ètò mìíràn tí ó ń fi nọ́ńbà to ìwé, 305.4 ni. Má ṣe dúró síbẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà wà ní DT, ọ̀rọ̀ owó-orí wà ní HJ, òwò wà ní HF. Ìwé tí ó sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lè wà ní èyíkéyìí nínú wọn, ó sì lè jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin péré ni yóò fi sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n to orúkọ àti kókó-ọ̀rọ̀ sí, ni kí o kọ́kọ́ ṣí.

Orúkọ ló ń pa ìwádìí nípa obìnrin lára jù. Ní 1900 tí wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ọ̀rọ̀ owó-orí yìí, Thomas ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Frances sì ni orúkọ ìsàmì rẹ̀. Ní 1925 ó fẹ́ Israel Ransome-Kuti. Nígbà tí ó dàgbà, ó di Aníkúlápó-Kuti. Ẹni tí ó bá wá orúkọ kan ṣoṣo yóò fo èyí tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe fún obìnrin yòówù tí o bá ń wá: orúkọ ilé bàbá, orúkọ ilé ọkọ, oyè.

Àwọn ìwé Ransome-Kuti fúnra rẹ̀ wà ní ẹ̀ka ìwé àfọwọ́kọ ní Kenneth Dike. Mú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ àti káàdì ìdánimọ̀ dání, pẹ́ńsù ni kí o fi kọ̀wé, má sì ya fọ́tò láìgba àṣẹ. Bí o bá rí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ kọ sí ìjọba, wo ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àti bóyá àtẹ̀ka ni ó wà nísàlẹ̀ dípò ìbuwọ́lùwé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà ìgbà náà kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ, nítorí náà ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ wọn gbà kọjá kí ó tó dé inú ìwé, ó sì yẹ kí o sọ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ.

Wo ìwé àwọn ọkùnrin pẹ̀lú. Inú àwọn ìwé tí Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, fi sílẹ̀, tí wọ́n tún ń tọ́jú ní Kenneth Dike, ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tako owó-orí obìnrin ní 1940. Ẹni tí kò bá ronú kan Macaulay kò ní dé ọ̀dọ̀ Pelewura.

Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ náà wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Béèrè fáìlì Abe Prof (ti ọ́fíìsì ìjọba ẹkùn Abẹ́òkúta) fún Abẹ́òkúta àti Com Col (ti ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà Èkó) fún Èkó. Ohùn àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà gbé fáìlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àti ìwé ìròyìn ìgbà náà bíi West African Pilot. Níbi tí ìròyìn méjèèjì kò bá ti bára mu, kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àpótí, nọ́ńbà fáìlì àti déètì, kí o tó dá ìwé náà padà.