Wọn Ò Lè Dógò Tì Yín: Ẹ̀tọ́ Ẹni Tó Jẹ Gbèsè Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí mo wálé wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun, aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀ ni fóònù màmá mi dún nílé wa ní Òkè-Fíà, nílùú Òṣogbo. Obìnrin kan ló ń pè láti Amẹ́ríkà. Ó dárúkọ àbúrò mi tó wà ní Houston, ó ní ó jẹ gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́, pé bí ẹbí ò bá tètè wá nǹkan ṣe, ọlọ́pàá á mú un. Màmá ò sùn mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń ṣírò iye tí ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ́nà Ìkìrun lè pa.

A ò ta ilẹ̀ náà. Ohun tí obìnrin yẹn ṣe, òfin Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ Òròkí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀hún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí, kẹ́ ẹ sì kà á sétí àwọn òbí yín nílé.

Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó á rán ológò sí i. Ológò á jókòó ti ilé onígbèsè, á máa pariwo, á máa mú adìẹ tó bá rí, títí ẹbí á fi dá owó jọ. Lónìí, àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ń fi orúkọ èèyàn ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ohun tójú wa ti rí nìyẹn, òun náà ló jẹ́ kí jìnnìjìnnì bò wá.

Ní Amẹ́ríkà, òfin Fair Debt Collection Practices Act ti ọdún 1977 ló de àwọn agbowó-gbèsè, ìyẹn àwọn tó ń bá ẹlòmíì gba gbèsè. (Báńkì tó ń gba owó ara rẹ̀ kì í sábà sí lábẹ́ òfin yìí.) Wọn ò gbọ́dọ̀ pè yín kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, níbi tẹ́ ẹ wà. Wọ́n lè béèrè àdírẹ́sì yín lọ́wọ́ ará ilé, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ jẹ gbèsè. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà yín. Wọn kì í ti èèyàn mọ́lé torí pé kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san.

Bí wọ́n bá pè, ẹ má jiyàn, ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà báńkì. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ iye gbèsè náà àti orúkọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ sínú ìwé. Tí ìwé yẹn bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ lẹ́tà pé ẹ ò gbà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí wọ́n á fi mú ẹ̀rí wá. Àbúrò mi kọ ọ́, ó fi lẹ́tà tí wọ́n ń buwọ́ lù gbà ránṣẹ́, ó sì tọ́jú ẹ̀dà. Ìgbà tí èsì dé la rí i pé wọn ò yọ owó oṣù mẹ́rin tó ti san kúrò.

Ẹ mọ irú ẹ̀yáwó tẹ́ ẹ jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà lọ kì í rí ti ìjọba àpapọ̀ gbà. Ti báńkì ló máa ń yá, pẹ̀lú onídùúró. Ẹni tó ní green card lè gba ti ìjọba. Bí ti ìjọba bá nira, ẹ tètè wọ studentaid.gov, kẹ́ ẹ tọrọ kí wọ́n fi owó tó ń wọlé fún yín díwọ̀n ohun tẹ́ ẹ ó máa san. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín kó tó ṣe é, ẹ sá fún un. Tó bá pé 270 ọjọ́ tẹ́ ẹ ò san, ìjọba lè máa yọ tó ìdá 15 nínú 100 owó oṣù yín tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí àti àwọn owó mìíràn tí òfin ní kí wọ́n yọ, láìlọ sí kóòtù.

Báńkì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè yín lẹ́jọ́ kó tó lè fọwọ́ kan owó oṣù yín. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú: ìwé kóòtù dé, wọ́n tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Bẹ́ ẹ ò bá fèsì títí ọjọ́ tí wọ́n dá fi kọjá, olùpẹjọ́ lè gba ìdájọ́ láìsí ẹlẹ́rìí kankan níwájú adájọ́. Ẹ fèsì, ẹ wá lọ́yà ọ̀fẹ́ tó ń ran tálákà lọ́wọ́. Ẹ̀yin onídùúró, bí ọmọ náà ò bá san, ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ lè fẹjọ́ agbowó-gbèsè tó bá rú òfin sùn lórí consumerfinance.gov, ìyẹn ojúlé àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tàbí kẹ́ ẹ pè é lẹ́jọ́ láàárín ọdún kan.

Obìnrin yẹn tún pe Òkè-Fíà lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi," wọ́n sì pa fóònù.