Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti orí wíìṣíà, kí ìdí má baà bàjẹ́

Mo ti bá èèyàn bíi mẹ́rin tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣèṣe bíi tèmi, tí ìdí àti ẹsẹ̀ wọn ò mọ nǹkan mọ́, to iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sílé. Láptọ́ọ̀pù ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń sáré rà, wọ́n á ra dátà, wọ́n á ra ínfátà, ohun tí wọ́n máa jókòó lé látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí nípa ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tábìlì ò le. Kí apá wíìṣíà ṣáà ti ráyè wọ abẹ́ ẹ̀, tó bá kúrú, ẹ fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù lé itan o! Bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ìyàwó wọn ń wẹ̀ fún wọn lálẹ́ ló rí i pé itan ti léròrò, wọn ò mọ nǹkan kan.

Tí ìka ò bá ṣiṣẹ́, ẹ ní kí télọ̀ fi rọ́bà ìdí ṣòkòtò rán nǹkan tó máa yí àtẹ́lẹwọ́ po, kẹ́ ẹ ki pẹ́ńsùlù bọ̀ ọ́, orí ìrésà lẹ máa fi tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ẹ tan Sticky Keys, òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè tẹ bọ́tìnì bíi Ctrl àti C lọ́kọ̀ọ̀kan dípò kẹ́ ẹ tẹ̀ wọ́n pa pọ̀. Windows 11 ní Voice Access tẹ́ ẹ lè máa bá sọ̀rọ̀, àmọ́ kò gbọ́ Yorùbá.

Ibi tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ rèé. Ẹni tí ara ẹ̀ ń mọ nǹkan, tó bá jókòó pẹ́, ìdí á máa ro ó, á yíra padà láìmọ̀. Ìdí tiwa tí ọ̀pá ẹ̀yìn wa ṣèṣe ò ní í sọ nǹkan kan. Egungun ti tẹ ẹran mọ́ àga, ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́, ẹran á máa kú níbi tẹ́ ẹ ti ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn. Torí náà, tó bá ti tó ìṣẹ́jú 15 sí 30, ẹ tẹ̀ síwájú kí àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, tàbí kẹ́ ẹ fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán o. Ohun tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á fọwọ́ ti ara ẹ̀ sókè fìrí, ó ti tún jókòó, ẹ̀jẹ̀ ò tíì padà débẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi àláàmù sí fóònù, ẹ má sọ pé ẹ máa rántí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, ìdí mi degbò, oṣù mẹ́ta ni mo fi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ sì lọ.

Kùṣọ́ọ̀nù oníhò tó rí bí òṣùká yẹn ò dáa rárá, etí ihò yẹn ló ń fún ẹ̀jẹ̀ pa. Èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, kí ínfátà ṣì dúró ná. Láràárọ̀ ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí, tí egungun bá ti fẹ́ kan ìsàlẹ̀ àga, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Lálẹ́, ẹ fi dígí wo ìdí yín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wo ibi tó pọ́n, àmọ́ ara dúdú kì í pọ́n bẹ́ẹ̀, ibi tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le. Tí awọ ibẹ̀ bá ti bó, ọsibítù ni. Tí kò bá bó, àmọ́ tó ṣì dúdú, tó gbóná tàbí tó le láàárọ̀, kò sí jíjókòó lọ́jọ́ náà, ẹ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, ẹ dùbúlẹ̀ kúrò lórí ibẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi fóònù dáhùn ìméèlì.