Bí mo ṣe kó ohùn àbúrò mi jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti nu fóònù rẹ̀

Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí gbé fóònù yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọdún 26 ni àbúrò mi. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Kò ṣàìsàn, kò ní orí ń fọ́ òun. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni bí mo ṣe wá ohùn rẹ̀ kó jọ sójú kan, àti bí ọkùnrin kan ṣe kó mi sí wàhálà kí n tó rí i ṣe.

Màmá wa ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó tó oṣù kan lẹ́yìn tó lọ, wọ́n kàn ṣàdédé ní, "Mo ti ń gbàgbé bó ṣe ń rẹ́rìn-ín." Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Fóònù rẹ̀ ṣáà wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. Pátáànì tó fi tì í nìkan ni mi ò mọ̀. Mo fa lẹ́tà orúkọ rẹ̀, mo fa ti orúkọ mi, mo fa oríṣiríṣi. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, fóònù ní kí n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ibi tó yẹ kí n ti jáwọ́ nìyẹn.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í pé ṣé nǹkan inú rẹ̀ ò ní lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni." Ó gbowó. Lọ́jọ́ kejì ó ní iṣẹ́ náà le ju bí òun ṣe rò lọ, ó tún gba òmíràn. Nígbà tí mo fi máa padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, owó tí mo ti kó fún un tó ra fóònù àlòkù míì.

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Ojú fóònù mọ́ gaara. Ó ń kí mi káàbọ̀, ó ní kí n yan èdè, bíi pé kò rí ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Mo ní, "Fọ́tò inú rẹ̀ dà?" Ó ní, "Fọ́tò kẹ̀? Pátáànì lẹ ní kí n yọ, ẹ̀gbọ́n." Ẹ ò rí i!

Kò tán síbẹ̀ o. Fóònù tí wọ́n ti nu gbogbo nǹkan rẹ̀ dànù tún ní kí n fi àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé. Ọkùnrin náà yọjú wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú, ṣé ẹ mọ pásíwọ́ọ̀dù wọn ni?" Mo wò ó títí. Ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù, kí ló ń wá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé nítorí olè ni wọ́n ṣe fi ìbéèrè yẹn sí Android láti ọdún 2015, àti pé bí wọ́n bá ti nu fóònù ìsinsìnyí, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí nǹkan inú rẹ̀ ti bá a lọ. Kò sí ọlọgbọ́n tó lè dá a padà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bínú. Mi ò lè sọ fún Màmá.

Inú WhatsApp tèmi gan-an ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Mo fà á sókè lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ voice note kan tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti délé o. Tẹ́ ẹ bá ti sùn, ẹ má dá mi lóhùn." Ó wá bú sẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé mo ti sùn. Ara mi gbọ̀n. Gbogbo ohun tó bá wa sọ, ọ̀dọ̀ àwa tó bá sọ ọ́ ló wà!

Mo bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ wuuru, mo sì tún kó sí ọ̀fìn kékeré míì: bí ènìyàn bá fi voice note ṣọwọ́ síni, ọjọ́ tó dé ọwọ́ ẹni ló ń jẹ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin, ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ni mo bá ní kí wọ́n lọ sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ, kí wọ́n tẹ "Export chat", kí wọ́n kó ohùn àti fọ́tò pọ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn máa ń gbé ìwé kan wá tí ọjọ́ àti wákàtí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ò fẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ àṣírí wọn, mo gbà fún wọn. Ọ̀kan jókòó tì mí, ó ń yan èyí tí mo lè gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Títò ó lórí kọ̀ǹpútà kò le. Ohùn 214 ló délẹ̀, mo yan 60. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é, ó sì dára, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi.

Ní ti Google, mo ti kọ̀wé sí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹbí nípa àkáǹtì rẹ̀. Wọn kì í fi pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ti kú lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún méjì, wọ́n lè pa á rẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kó pẹ́. Èmi náà ti yan ẹni tí nǹkan mi máa bọ́ sí lọ́wọ́, ó wà nínú àkáǹtì Google tèmi níbi tí wọ́n ń pè ní "Inactive Account Manager". Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Nínú àwọn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ránṣẹ́, ó ń fi mí sùn: "Ẹ̀gbọ́n mi yẹn, bí o pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá wọn ò ní gbé e, sùn-ún-sùn ni wọ́n." Òun ni Màmá rẹ́rìn-ín sí jù. Mo gbé e síwájú gbogbo wọn.