Iṣẹ́ àyẹ̀wò òkú pọ̀ o, èwo lo máa yàn?

Tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ tó ń wádìí ikú ọmọ èèyàn, kọ́kọ́ bi ara ẹ pé ṣé òkú tó ṣì ní ẹran lára lo fẹ́ máa yẹ̀ wò àbí egungun, ibẹ̀ lọ̀nà ti pín.

Tẹlẹ́ran lára, iṣẹ́ forensic pathologist nìyẹn. Dókítà ni wọ́n o, wàá ka ìṣègùn tán, wàá tún kọ́ pathology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tí àìsàn ń ṣe sí ara, kó tó wá kan forensic gan-an, ìyẹn wíwádìí ikú fún òfin, ní Amẹ́ríkà ó ń lọ bí ọdún 12 sí 13 lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdírì. Àwọn ló ń la òkú, tí wọ́n ń wọn ọkàn àti ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù bóyá májèlé wà níbẹ̀, àwọn náà ló máa sọ ohun tó pa á.

Coroner, ìyẹn aláṣẹ tí òfin ní kó máa wádìí ikú tó bá mú ìfura dání, yàtọ̀ síyẹn pátápátá. Níbi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ìbò ni wọ́n fi ń yàn án, kò sì pọn dandan kó jẹ́ dókítà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, amòfin ni ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn gbọ́dọ̀ jẹ́. Tó bá jẹ́ òfin lo fẹ́ràn tí ọ̀bẹ ò wù ẹ́, wo ibẹ̀.

Tegungun, iṣẹ́ forensic anthropologist ni, òun lèmi fẹ́ràn jù. Anthropology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ọmọ èèyàn, ni wọ́n ń kà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń kà á dé PhD. Wọ́n á wo egungun ìbàdí, wọ́n sábà máa ń mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Egungun tó na láti àyà lọ sí èjìká yẹn náà, ìdí ẹ̀ tó kan àyà máa ń pẹ́ kó tó dàpọ̀ mọ́ ìyókù egungun náà, tí ò bá tíì dàpọ̀ rárá, ọ̀dọ́ tí ò tíì pé 30 ni. Èyí tó bá sì kán lẹ́yìn tó ti gbẹ, ojú ibi tó kán máa ń mọ́ ju ìyókù lọ, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tó ń kú ló kán. Lọ́dún 1984, Clyde Snow, forensic anthropologist ará Amẹ́ríkà, lọ sí Argentina, ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń hú egungun àwọn tí ìjọba ológun pa, tí wọ́n sì fi òkú wọn pa mọ́ fáráyé, káwọn ìyá lè rí ọmọ wọn sin. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní.

Tó bá jẹ́ eyín òkú lo fẹ́ máa yẹ̀ wò, dókítà eyín ni wàá kọ́kọ́ jẹ́.

Tó ò bá lè kàwé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó ń lọ síbi tí òkú wà, tó ń ya fọ́tò, tó ń bi ẹbí léèrè oògùn tí olóògbé ń lò, tún wà, Amẹ́ríkà ò ní kí onítọ̀hún jẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá kanlẹ̀kùn sọ fún ìyàwó pé ọkọ ẹ̀ ti kú, tí ò bá lè ṣeé ṣe fún ẹ, má yàn án.

Kó o tó san kọ́bọ̀ fún fásitì, bẹ mọ́ṣúárì kan kí wọ́n jẹ́ kó o dúró wo àyẹ̀wò òkú kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin.