Bí mo ṣe hun kébù àkọ́kọ́ mi, lẹ́yìn tí mo ti wá òwú dé Gbági

Láti 2016 ni mi ò ti fọwọ́ kan kébù, ìyẹn àrà bí okùn alọ́pọ̀ tí a ń hun sára aṣọ. Fìlà ọmọ, ìbọ̀sẹ̀, suwẹ́tà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo rẹ̀ ni mò ń hun. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí suwẹ́tà tí okùn alọ́pọ̀ gba àyà rẹ̀ kọjá bí irun tí wọ́n dì, ojú mi á kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àyà mi á wá já. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí pẹ̀lú òwú dídán kan tó wù mí. Bí mo ṣe yọ ojú òwú mẹ́ta kúrò lórí pínnì kí n lè lọ́ wọn, méjì bọ́, wọ́n sì tú wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ aṣọ. Mo tú gbogbo rẹ̀ ká, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lóṣù Kẹsàn-án, àbúrò mi pè mí láti Jọ́ọ̀s. "Àǹtí mi, oṣù Kejìlá ni mo máa bímọ. Ẹ mọ bí òtútù ṣe ń mú níbí. Suwẹ́tà oníkébù ni mo fẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò lè sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ Máíkírà láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti Ògúnpa. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, òwú dídán yẹn náà ni wọ́n kó jáde. Ìkejì ní àwọ̀ tó dára, àmọ́ ìdì méjì péré ló kù. Gbági àtijọ́ ni mo ti bá ìyá kan nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró, tí wúlù kún dé àjà. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ hun, mo sì sọ èyí tó bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Irú òwú wo lo lò?"

"Dídán ni, Mà. Pínnì onírin ni mo fi hun ún."

"Ọmọ mi, òwú tó ń yọ̀ bí ewédú, lórí irin tó ń yọ̀, kí ni yóò di ojú mú?"

Ó gé díẹ̀ lára òwú méjì, ó ṣáná sí wọn. Àkọ́kọ́ yọ́, ó ká jọ, ó di kóró dúdú líle. Ìkejì gbé òórùn ewúrẹ́ tí wọ́n ń wì jáde, ó sì di eérú tó fọ́ sí mi lọ́wọ́. Irun àgùntàn gidi nìyẹn. Owó rẹ̀ ju agbára mi lọ, fífọ̀ rẹ̀ sì gba sùúrù, nítorí náà èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn lú mọ́ ni mo mú, ìdì mẹ́rin, gíráàmù 50 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá fi nọ́ńbà aró hàn mí lára bébà tó yí wọn ká, kí n rí i pé ọ̀kan náà ni, torí bí aró bá yàtọ̀, ààlà á hàn lára aṣọ. Mo ra pínnì onípákó, mílímítà 4.

Nílé, mo kọ́kọ́ hun èyí tí mo fi dán ọwọ́ wò. Ojú 18: mẹ́fà ní àárín fún okùn, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, àwọn tẹ̀gbẹ́ kọ ẹ̀yìn síta kí okùn lè yọ. Lẹ́yìn ìlà kẹfà, mo fa òwú kan gba inú gbogbo ojú náà, kí ohun tó bá tú lè dúró níbẹ̀. Òwú dídán abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo lò. Bó ṣe ń yọ̀ yẹn gan-an ló mú kó dára fún iṣẹ́ yìí, ó rọrùn láti fà jáde.

Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo gé ṣe pínnì kékeré tí ojú tí mo fẹ́ lọ́ máa dúró sí, mo fi ẹnu rẹ̀ ra ilẹ̀ sìmẹ́ńtì títí ó fi dán. Mo kó ojú mẹ́ta sórí rẹ̀, mo gbé e síwájú iṣẹ́. Mo hun mẹ́ta tó tẹ̀lé e. Òwú fún, àlàfo kékeré là láàárín. Mo padà sórí sípóòkù, mo hun àwọn tó ń dúró dè mí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Kò sí èyí tó bọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ pínnì kúrò nínú ojú kan, mo tẹjú mọ́ ọn. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò.

Mo lọ́ ọ lẹ́yìn ìlà mẹ́fà-mẹ́fà. Nígbà kẹta, mo gbé sípóòkù sẹ́yìn, okùn yí sí ọ̀tún dípò òsì. Mo tú u dé ibi òwú dídán, kò kọjá ibẹ̀. Mo tún rí i pé kébù ń fún aṣọ, ni mo bá fi ojú méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan okùn kí n tó bẹ̀rẹ̀ suwẹ́tà.

Ó ku apá kan kí n parí nígbà tí òwú tán. Mo kó iṣẹ́ náà padà lọ bá ìyá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tọ okùn náà láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó mú ìdì kan jáde. Nọ́ńbà aró kan náà ni.

"Mo ti fi èyí pa mọ́ dè ọ́ látọjọ́ tóo ti lọ."