Ẹ Yé Da Píọ̀ Wọ́tà Sínú Lésà: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Ń Fi Dáyóòdù Yọ Irun

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ lésà tí wọ́n fi ń yọ irun ara ṣe. Ó ti sú mi láti máa tú ẹ̀rọ olówó gọbọi tí wọn ò tíì lò ju oṣù díẹ̀ lọ, kí n wá rí i pé ẹni tó rà á ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí dáyóòdù jẹ́ níbí, ju pé òun ni nǹkan kékeré tó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀ lésà nínú ẹ̀rọ. Ẹ ti rà á, wọ́n ti kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa tẹ̀ ẹ́, ẹ sì ti gbé pátákó síta. Ohun tó ń jẹ owó yín ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní ni wọ́ọ̀tì. Ẹni tó ń tajà á ní ẹ̀rọ tòun jẹ́ 2000 wọ́ọ̀tì, ẹ̀yin náà á sì sanwó lórí ẹnu rẹ̀. Iná tí gbogbo ẹ̀rọ ń fà lára ògiri lè ni nọ́ńbà yẹn, tòun ti fáànù àti pọ́ǹpù. Ohun tó ń pa gbòǹgbò irun ni agbára tó dé orí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan awọ ara, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé ibẹ̀ tán. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lóòótọ́ bá jẹ́ 600 wọ́ọ̀tì fún 30 mìlísẹ́kọ́ńdì, agbára tó jẹ́ júùlù 18 nìyẹn. Bí ojú gíláàsì tó ń kan awọ ara bá jẹ́ mìlímítà 12 níbùú lóròó, júùlù 12.5 ló kan sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè sọ agbára ìmọ́lẹ̀, àkókò àti bí ojú gíláàsì ṣe fẹ̀ tó, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ tó ní ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta pọ̀: 755, 808 àti 1064 nanómítà (nọ́ńbà tó ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́). Láti ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anderson àti Parrish ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọ̀ tó máa gba ìmọ́lẹ̀ ni lésà ń wá, ibi tí àwọ̀ náà bá sì wà ni ooru máa ń bọ́ sí. Mẹ́láníìnì, àwọ̀ dúdú inú irun, là ń wá, ṣùgbọ́n mẹ́láníìnì kún ojú awọ ara àwa adúláwọ̀ náà bámúbámú. 755 ni mẹ́láníìnì ń gbà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 1064 ló ń gbà kéré jù, òun náà ló sì ń wọlé jìn jù. 808 ṣeé lò fún wa bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí awọ, tí ojú gíláàsì sì tutù dáadáa. Mo rí obìnrin kan ní Ìkẹjà tí àpá onígun mẹ́rin tò sí àgbọ̀n rẹ̀ bíi táìlì, nítorí pé ètò tí wọ́n ṣe fún awọ òyìnbó ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún un. Ta ló ní kí ẹ má kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ párì, kí ẹ sì dúró ó kéré tán ọjọ́ méjì?

Ẹ̀kẹta ni omi, ibi tí inú ti ń bí mi jù nìyí.

Ooru ni ọ̀tá dáyóòdù látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1962 tí Robert Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mú lésà jáde lára dáyóòdù ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, inú náítírójìn olómi tó tutù tó −196°C ni wọ́n tì í bọ̀. Ó di 1970 kó tó lè máa tàn láìdákẹ́ nínú yàrá lásán. Títí di òní, nǹkan bí ìdajì iná tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń di ooru, omi ló sì ń gbé ooru yẹn lọ. Bàbà tí wọ́n gbẹ́ ihò tín-ín-rín sí nínú ni omi yẹn ń gbà kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bàbà kan náà ni iná ń gbà lọ sára dáyóòdù. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi, iná á gbabẹ̀, bàbà á máa jẹrà, ihò á dí. Bí dáyóòdù bá ti gbóná, nanómítà rẹ̀ á máa yẹ̀, nǹkan bí 0.3 fún °C kọ̀ọ̀kan, agbára á wálẹ̀, àwọn oníbàárà á ní lésà yín kì í ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà á kú.

Omi díìsítíìlì tàbí èyí tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò ni ẹ̀rọ ń fẹ́. Píọ̀ wọ́tà dára fún mímu, iyọ̀ ilẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Omi bọ́hòlù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rewáyà, ẹ wo ara kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dáadáa, nítorí ásíìdì bátìrì ni òmíràn. Mo tú ọwọ́ ẹ̀rọ kan, ibi tí ẹ ń dì mú tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, ní Bódìjà, nǹkan aláwọ̀ ewé ló gan mọ́ gbogbo ẹnu ihò. Ìyá tó ni ibẹ̀ búra pé omi gidi lòun ń lò. A pe ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọmọ náà sọ láìfi bò pé omi inú gálọ́ọ̀nù ti tán, òun bá já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí i. Owó ọwọ́ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ẹ̀rọ. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín! Ẹ pààrọ̀ omi àti asẹ́ nígbà tí ìwé ẹ̀rọ ní kí ẹ pààrọ̀ wọn, ẹ má dúró dìgbà tí yóò fi máa han-un.

Ọ̀rọ̀ omi ò tíì tán. Bí NEPA bá mú iná, tí AC kú, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ilẹ̀ Èkó á kún yàrá. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ìrì á sẹ̀ sára gíláàsì àti sórí dáyóòdù fúnra rẹ̀. Ìrì yẹn ń pa dáyóòdù. Ẹ jẹ́ kí AC gbẹ yàrá ná.

Ẹ fá irun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Irun gígùn á jóná mọ́ gíláàsì, dúdú yẹn á sì máa jó awọ ara.

Oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìda (wax) fa irun tu, ẹ dá a padà sílé, gbòǹgbò tí lésà ń wá ò sí níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti ojú. Ojú ẹ̀dá ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí 808, nítorí náà ẹ ò ní ṣẹ́jú kí ó tó wọlé, ẹyin ojú á sì kó o jọ sórí rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn inú ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ 810 ni àwọn dókítà ojú fi ń jó ẹ̀gbẹ́ rẹ́tínà ọmọ tí a bí láìpé oṣù, kí ọmọ náà má bàa fọ́jú. Tiyín ò ní dókítà tó ń darí rẹ̀. Awò dúdú ọjà kò dá a dúró. Awò tí wọ́n kọ nanómítà ẹ̀rọ yín àti ìwọ̀n ààbò rẹ̀ sí lára ni kí ẹ wọ̀, kí oníbàárà náà wọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun yọ irun òkè ojú, ẹ kọ̀ fún un, iye yòówù kó fẹ́ san.

Irun funfun ò gba lésà. Irun kì í sì í hù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ má ta ìlérí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Oníbàárà á máa padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, irun á sì máa dín kù. Obìnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù fún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ náà sì ń ségesège, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà nípa họ́mónù rẹ̀ kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.